Iṣẹ́ alága ìdúró ni mo fẹ́ ṣe àmọ́ ẹ̀rù máìkì ń bà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ alága ìdúró ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi kan ní Abẹ́òkúta níbí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé wọn lọ òde, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé báàgì, mo máa ń gberin, mo máa ń bá ẹbí ọkọ jó wọlé, gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n ka ètò ìdána fún yín látìgbà tá a bá ti kan ilẹ̀kùn títí dìgbà tí ìyàwó máa dé fìlà fún ọkọ, màá kà á láì wo ìwé. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà ti na máìkì sí mi báyìí, ó parí. Ẹnu mi á gbẹ, àyà mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi tí máìkì fúnra ẹ̀ á máa mì, orin tí mo mọ̀ láti kékeré á sì pòórá lórí mi. Ọ̀gá mi ti wá sọ pé tó bá di ìparí oṣù tó ń bọ̀ èmi ni màá dá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kan, pé àwọn ò tiẹ̀ ní yọjú síbẹ̀. Látìgbà yẹn ni oorun ò ti kùn mí mọ́, ó tiẹ̀ ń ṣe mí bíi kí n pè wọ́n pé ara mi ò yá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí o, ọjọ́ tí màá dá dúró ni mò ń retí, ìyẹn gan-an ló wá ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kojú èrò, yálà alága ni o, tísà ni o, pásítọ̀ ni o, àáfà ni o, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Alága Bódìjà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí àwọn kan níbí tó lọ́kọ, jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá ẹ lè má tíì sọ fún ẹ. Ẹ̀rù yẹn kì í lọ tán. Títí dòní yìí, tí mo bá ti gbọ́ tí onílù bẹ̀rẹ̀ sí í lù lẹ́nu géètì, inú mi á kọ́kọ́ rú. Mi ò kàn dúró dè é mọ́ pé kó kọ́kọ́ lọ ni, àwa méjèèjì la jọ ń wọlé. Tó o bá ní ó dìgbà tẹ́rù bá lọ kó o tó gba máìkì, wàá ṣì máa gbé báàgì ọ̀gá ẹ nígbà tí àwọn tẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ bá ti ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tiwọn.

Má pe ọ̀gá ẹ pé ara ẹ ò yá o, mo bẹ̀ ẹ́. Tó o bá fi irọ́ yẹ òde yìí sílẹ̀, ara á tù ẹ́ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ òde tó bá tẹ̀ lé e máa le ju èyí lọ, torí ọkàn ẹ á ti kọ́ pé sísá ló ń gba òun. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, èyí tó bá ti sá lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ṣòro kó tó padà wá.

Bí mo ṣe ń ṣe é fún wọn nìyí, mi ò kì í já máìkì lé ọmọ lọ́wọ́ lójijì. Màá ní kó kàn kí bàbá àti ìyá ọkọ lórí máìkì lóde kan, kó gbé e fún mi padà, ó tán nìyẹn. Nígbà míì màá ní kó mú orin tí a fi ń wọlé. Tó bá yá kó wá bá mi mú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ yẹn ló rọrùn jù torí ara àwọn ọmọkùnrin yẹn ni gbogbo ojú máa wà, wọ́n á máa wo ẹni tó wọ agbádá tí kò lè nà gbalaja, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbé máìkì. Ìwúre ló máa ń kẹ́yìn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Torí náà lọ bẹ ọ̀gá ẹ, kí wọ́n máa gé apá kan fún ẹ nínú gbogbo òde tẹ́ ẹ bá lọ títí tí ọjọ́ yẹn á fi pé. Wọn ò ní kọ̀, ìrọ̀rùn tiwọn náà ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wádìí ẹni tó máa ṣe alága ìjókòó lọ́dọ̀ ẹbí ìyàwó. Pè é ṣáájú, kí i dáadáa, sọ fún un pé ẹni tuntun ni ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjà là ń bá ara wa jà tá a bá ń fa ọ̀rọ̀ owó ìwọlé mọ́ra wa lọ́wọ́. Eré ni o, àwa méjèèjì la jọ ń gbé òde yẹn ró. Tí alága ìjókòó bá ti mọ̀ ẹ́, tó wá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ há ẹ lẹ́nu, òun fúnra ẹ̀ á ju ọ̀rọ̀ sí ẹ, wàá sì rí nǹkan dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ìgbéraga ò ní jẹ́ kí wọ́n pe aago kékeré yìí.

Èkó Gbòde
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ jàre, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run dá fún máìkì. Anti, tẹ́ ẹ bá mọ aṣọ tà, ẹ lọ máa ta aṣọ. Tó bá sì jẹ́ dandan, ẹ ra paraga kékeré lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ tó wọlé, ojú á là, ẹ̀rù á sá. Ṣé ẹ rò pé lásán làwọn MC kan ṣe ń pariwo?

Nọ́ọ̀sì Wa
Bọ̀dá, ẹ dákun ẹ má gba ọmọlọ́mọ nírú ìmọ̀ràn yẹn. Ọtí kì í lé ẹ̀rù, ìrònú èèyàn ló máa ń fà sẹ́yìn, alága sì rèé, orúkọ ìdílé méjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ láì ṣì í pè. Kó lọ pe bàbá ìyàwó ní bàbá ọkọ lójú àna, ká wá wo bí paraga ṣe máa gbà á.

Anti, ohun tó ń ṣe yín yẹn kì í ṣe àìsàn. Tí ọpọlọ bá ti rò pé ewu ń bọ̀, á ní kí ara tú nǹkan kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ọkàn sáré, kí èèyàn máa mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ á lọ sí iṣan apá àti ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ lè sá tàbí kẹ́ ẹ jà, itọ́ á gbẹ, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Ọpọlọ ò bìkítà bóyá ajá ló ń lé yín ni o tàbí ẹbí ìyàwó ló jókòó tí wọ́n ń wò yín, nǹkan kan náà ló ń tú jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń le jù. Tẹ́ ẹ bá lè dúró síbẹ̀ láì sá, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí àyà ẹ̀ ń já níbi ìkíni á fi máa jó nígbà tó bá dórí ìwúre.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kẹ́ ẹ tó wọlé: ẹ fi imú fa èémí, ẹ ka ení dé ẹ̀rin nínú yín, kẹ́ ẹ wá tú u jáde jẹ́ẹ́jẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi ka ẹ̀jọ. Ẹ ṣe é bíi mélòó kan nínú mọ́tò. Èyí tẹ́ ẹ tú jáde gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tẹ́ ẹ fà wọlé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, òun ló ń dín ìsáré ọkàn kù. Ẹ mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má fẹnu kan àwọn energy drink láàárọ̀ ọjọ́ yẹn torí wọ́n tún máa fi kún àyà tó ń já tẹ́lẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣì máa dárúkọ propranolol níbí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Òótọ́ ni pé àwọn olórin kan máa ń lò ó kí ọwọ́ wọn má baà gbọ̀n, àmọ́ oògùn ọkàn ni, ó léwu fún ẹni tó ní ásímà, ó sì lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Dókítà tó mọ ara yín ló lè kọ ọ́ fún yín. Ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísìtì torí pé ẹ rí i níbí.

Àáfà Ìlọrin
Àsàláámù àlékúmù o. Akólòlò ni mí láti kékeré, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń há mi lẹ́nu jù, wọ́n tún wá ní èmi ni kí n máa ṣe wáàsí fún àwọn ọ̀dọ́. Àdúà Ànábì Mùsá ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe, ó wà nínú Súrà Tọ́ọ̀-Há, ẹsẹ̀ 25 sí 28, níbi tí wọ́n ti bẹ Ọlọ́hun pé kó ṣí àyà àwọn payá, kó mú ọ̀rọ̀ àwọn rọrùn, kó tú kókó tó wà láhọ́n àwọn kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí àwọn bá sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí anti wa wò níbẹ̀ ni pé Ànábì Mùsá ò ní òun ò lọ sọ́dọ̀ Firiaona. Wọ́n bẹ̀rù, wọ́n sì sọ ọ́ fún Ọlọ́hun pé àwọn ń bẹ̀rù, wọ́n tún wá tọrọ ẹnì kan tó máa bá wọn lọ, ìyẹn Hárúnà ọmọ ìyá wọn. Torí náà ẹ̀yin náà ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ mú ẹnì kan tó mọ orin yín dáadáa, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó máa gbè é.

Nǹkan kejì, orin ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń ké Kùránì tàbí tí mo bá ń kọrin, kólòlò mi máa ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ akólòlò. Tí orin bá ti ṣí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Tísà Ìjẹ̀bú
Ire o àáfà wa. Ó wà nínú Bíbélì náà, Ẹ́kísódù 4:10, ibẹ̀ ni Mósè ti ń ṣàlàyé fún Ọlọ́run pé ẹnu òun wúwo. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ àtijọ́ ni.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa alága, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ kíláàsì tó ń bẹ̀rù láti dìde. Àwọn tó bá há ọ̀rọ̀ sórí láti òkè délẹ̀ ni nǹkan máa ń dàrú mọ́ lọ́wọ́ jù, torí tí ọ̀rọ̀ kan bá ti sọnù, gbogbo èyí tó kù á bá a lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ̀ bí orúkọ yín, kẹ́ ẹ lè sọ ọ́ tí wọ́n bá jí yín lóru. Èyí tó kù, ẹ kàn mọ ohun tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ sì dúró nílé, ẹ sọ ọ́ sókè, sókè ni mo wí o, kì í ṣe kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ máa kà á nínú. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ohùn yín máa kọ́kọ́ rí yín lára, gbogbo èèyàn ni tiwọn ń rí lára, ẹ fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe é lójú ẹnì kan, lẹ́yìn náà lójú àwọn ará ilé. Tó bá di ọjọ́ náà, ẹ má wo gbogbo wọn pa pọ̀. Kò sí àwùjọ tí ò ní ìyá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, tó bá yá ẹ tún wá ojú míì tó yá sí yín.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Abẹ́òkúta
Ẹ ṣé gan-an o, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Màmá Bódìjà, mo ti pe ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kò burú, òde ọjọ́ Sátidé èmi ni màá kí ẹbí ọkọ. Àyà mi ti ń já báyìí o. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, tí mo bá wá gbàgbé pátápátá láàárín, tí gbogbo wọn ń wò mí ńkọ́? Ìkejì, ṣé kí n kúkú sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí kí wọ́n lè foríjì mí?

DJ Ṣàgámù
Anti, èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn àwọn alága, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wọn fún yín. Gbogbo wọn ló ń gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ ò mọ̀. Tí alága bá gbàgbé, ó máa gbé orin ni, tàbí kó pariwo pé kí onílù bá òun ki bàbá ọkọ, kí àwọn èèyàn dìde ná bàbá lówó, títí tí owó yẹn á fi tán lára bàbá, ó ti rántí ibi tó dé. Èyí tó tún mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ní kí àgbàlagbà kan nínú ẹbí dìde gbàdúrà, ẹ sì mọ àdúrà àgbàlagbà, kì í tètè parí. Torí náà ẹ bá DJ tàbí onílù yín sọ̀rọ̀ kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní àmì kan, kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ kan gèlè yín, ó ti mọ̀ pé kóun gbé e.

Ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mú, ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ara, kò ní mì mọ́. Ẹ má mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dání torí bébà yẹn á máa gbọ̀n ju ọwọ́ yín lọ, páálí líle kékeré ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn èèyàn sí. Kẹ́ ẹ sì dé kí èrò tó dé, ẹ sọ̀rọ̀ sínú máìkì, ẹ gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń jáde látinú sípíkà. Ohùn tí ẹnì kan ò retí ló máa ń dẹ́rù bà á jù.

Ìyá Alága Bódìjà
DJ, o ti tà wá o. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀.

Ọmọ mi, ní ti ìgbàgbé, gbogbo nǹkan tó o fẹ́ sọ ló wà lórí tábìlì. Nílé ìdána, tó o bá rí obì, ìwúre pé kó bi ikú bi àrùn dànù ti dé ẹnu ẹ nìyẹn. Orógbó, kí wọ́n gbó kí wọ́n tọ́. Ataare, ọmọ. Oyin àti ṣúgà, adùn. Iyọ̀ wà níbẹ̀, iṣu wà níbẹ̀. Àwọn ìdílé kan á ní kí iṣu pé 42, wàá rí i bó ṣe tò lọ. Kò sídìí láti há nǹkan kan sórí, máa rìn láti òpin tábìlì kan dé èkejì, kí ohun tó wà níwájú ẹ máa rán ẹ létí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó o fẹ́ lọ ṣe yìí tún wá rọrùn, èso, iṣu díẹ̀, ọtí àti mínírà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pálọ̀ ẹnì kan lẹ máa jókòó sí, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ ẹ ni pé kí ẹbí ọkọ mọ ẹbí ìyàwó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, kí wọ́n mú ọjọ́. Kò sí ìyàwó tó ń jó wọlé pẹ̀lú ìborùn, kò sí lẹ́tà tí wọ́n ń kà, ọ̀gá ẹ mọ ohun tó ń ṣe tó fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé ìgbà àkọ́kọ́ ẹ nìyí o! Láé. Owó ni wọ́n san.

Tísà Ìjẹ̀bú
Màmá, ẹ má bínú, èmi rò ó pé òótọ́ máa ń tu èèyàn lára. Ọmọ kíláàsì mi tó bá sọ pé "àyà mi ń já o", àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́ fún un, ara ẹ̀ á balẹ̀.

Ìyá Alága Bódìjà
Kíláàsì nìyẹn, tísà. Nílé àna, ẹbí ìyàwó á ní ṣé ọmọ àwọn ni wọ́n wá fi kọ́ṣẹ́. Ìyá ọkọ á ní ṣé owó òun nìyí. Látìgbà yẹn, gbogbo àṣìsọ tó bá ṣe ni wọ́n á máa kà. Kó sọ fún alága ìjókòó, kó sọ fún DJ, kó sọ fún ọ̀gá ẹ̀, ó tó.

Àbẹ̀kẹ́ London
Mo fara mọ́ màmá o. Peckham níbí ni mo ti ń ṣe alága lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ míì ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdajì àwọn tó máa ń wà níjokòó ni ò gbọ́ Yorùbá, ọmọ òyìnbó á wà níbẹ̀, ọmọ Jàmáíkà á wà níbẹ̀, èmi náà sì rò pé wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń ṣe wèrè. Nígbà tí mo wo fídíò òde mi kan lẹ́yìn ni mo tó rí i pé ẹ̀rù tó ń bà mí nínú ò hàn lójú rárá. Gbogbo ohun tó ń dún gbì gbì láyà èèyàn, ẹni tó jókòó ò gbọ́ ọ, ìró tí èèyàn ń gbọ́ níkùn ara ẹ̀ ni. Tí ẹ bá ní fídíò òde tẹ́ ẹ ti gberin, ẹ wò ó, ẹ máa rí i pé ẹni tó wà nínú fídíò yẹn ò jọ ẹni tẹ́ ẹ rò.

Ní tibi, họ́ọ̀lù ń ka wákàtí, tí àkókò bá ti pé wọ́n á tan iná ká lè jáde, kò sáyè à ń fa ọ̀rọ̀ owó ìwọlé gùn. Ìyẹn ló tiẹ̀ ràn mí lọ́wọ́, torí ẹni tó ń wo aago kì í ráyè wo ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ṣíṣe Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Toastmasters, ọ̀gbẹ́ni Ralph Smedley ló dá a sílẹ̀ ní Santa Ana ní California lọ́dún 1924, ó wà káàkiri ayé báyìí, ó sì wà ní Èkó náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé kí èèyàn máa dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tí ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè tí o ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, wàá dìde, wàá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, wàá jókòó. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ka iye ìgbà tó o bá ní "ẹẹ̀n... ẹẹ̀n" lọ. Ó dà bí eré àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń lò o, anti, torí náà tí kò bá wù yín, ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lè kó ara yín jọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, kí ẹnì kan ṣe alága ìjókòó, kí ẹnì kan ṣe ìdúró, kí àwọn yòókù ṣe àna tí kò rọgbọ.

Ọ̀rọ̀ àna tí kò rọgbọ yẹn ni kẹ́ ẹ má fojú fò. Ẹ̀rù anti ò sí lórí orin o, ẹ̀rù pé ẹnì kan máa fi òun ṣẹlẹ́yà ni. Torí náà ẹ ṣe é fún ara yín nílé kí ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ tó bá ṣẹlẹ̀.

Bàbá Ìsẹ́yìn
Mò ń ka gbogbo ẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé àwọn ìyá yín ò bẹ̀rù. Láyé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó fúnra ẹ̀ ló máa sun ẹkún ìyàwó. Ọmọbìnrin tí ò tíì ju ọmọge lọ, á dúró níwájú bàbá ẹ̀, níwájú ìyá ẹ̀, níwájú gbogbo agboolé, á máa ki orílẹ̀ ilé wọn, á máa dúpẹ́, á máa tọrọ ìwúre, ẹkún gidi á tún máa gbọ̀n lóhùn ẹ̀. Ta ló kọ́ wọn? Ara wọn ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n á tẹ̀ lé ìyàwó tó ń lọ, wọ́n á máa gbè é, tí wọ́n bá ń lọ odò wọ́n á máa fi ṣeré láàárín ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn tó gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn kó ní ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹkún la ní ká gbọ́, ẹkún là ń gbọ́. Torí náà ọmọ mi, tí ohùn ẹ bá gbọ̀n díẹ̀ níbi tó o ti ń bá ẹbí ọkọ tọrọ ọmọ, àwọn àgbà ò ní bínú sí i. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan ńlá, ṣé ó yẹ kóhùn ẹ̀ le koko ni?

Ẹ sì má gbàgbé pé ojú kì í ti eégún kó má mọ ọ̀nà ìgbàlẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ ò ní sọnù.

Ìyá Alága Bódìjà
Bàbá, ẹ ṣeun. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, ọ̀pọ̀ alága òde òní ò mọ̀ ọ́n. Ariwo ni wọ́n rò pé ó ń jẹ́ ìgboyà. Wọ́n á máa bú ẹbí ọkọ, wọ́n á máa já owó gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bí agbèrò, èrò á máa rojú. Ní tèmi o, mo fẹ́ràn ọmọ tí àyà ẹ̀ ń já ju èyí tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí àyà ẹ̀ ń já ló máa béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìdílé kó tó gba máìkì.

Èkó Gbòde
Ẹ má bínú sí mi jàre, mo ń ṣeré ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, tí wọ́n bá fi ṣẹlẹ́yà lóòótọ́ ńkọ́, tí ẹnì kan ní "alága yìí ò mọ nǹkan kan"? Èmi ti wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀, anti náà bú sẹ́kún.

Àbẹ̀kẹ́ London
Ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní gbólóhùn kan lápò fún ìyẹn, tí bọ̀dá kan bá ti ń dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn, màá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa gbé ìyàwó yìí ni, àbí ẹ ti ṣetán láti gbé ìkejì? Ẹ jẹ́ ká pe ìyáálé." Gbogbo ilé á pa ẹ̀rín, ẹnu ẹ̀ á wọlé. Ẹ má bínú, ẹ má ṣàlàyé ara yín, ẹ tẹ̀síwájú. Ẹ wá tiyín tó bá ẹnu yín mu o, ẹ má fi tèmi ṣe é torí tí ẹnu ò bá gbà á, àwàdà á di èébú.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Abẹ́òkúta
Mo ti rẹ́rìn-ín tán. Ẹ ṣé, Ọlọ́run á máa fún gbogbo yín láyọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé kẹ́ ẹ lè tún un ṣe tí kò bá dáa: ọjọ́ Sátidé màá kí ẹbí ọkọ, orin ni màá fi bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ ti wà lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ mi méjì ti gbà pé ká máa pàdé lẹ́yìn ìpàdé àdúrà Wẹ́sìdé, wọ́n ti ń jà sórí ẹni tó máa ṣe àna burúkú. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì máa bá mi lọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn, òun ni Hárúnà mi. Mo ṣì ń bẹ̀rù láti pe alága ìjókòó, torí mo gbọ́ pé ẹni ńlá ni wọ́n. Màmá, kí ni kí n sọ tí wọ́n bá gbé e?

Ìyá Alága Bódìjà
Kúnlẹ̀ lórí fóònù. Sọ pé "ẹ káàsán mà, èmi ni ọmọ tó ń bọ̀ wá bá yín ṣe alága ìdúró, mo ní kí n kọ́kọ́ wá gba ìyọ̀ǹda." Kí o wá dákẹ́, kí o gbọ́ tiwọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kó o pè, má pè é láàárọ̀ Sátidé, òde ni gbogbo wa máa ń wà.

DJ Ṣàgámù
Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti gba DJ o 😂